Ta Ló So Ewé Yànmọtí?

Nguwasen jí. Ó sáré lọ sí oko yànmọtí, lẹ́bàá odò Katsina-Ala.

Bàbá rẹ̀ ló gbìn ín. Kí yànmọtí tó hù, bàbá kú.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ni Nguwasen wí fún yànmọtí. Bó ṣe máa ń wí láràárọ̀ nìyẹn.

Há! Ewé orí igi kan ti so pọ̀. Òwú funfun tín-ín-rín ni wọ́n fi so ó, gbọingbọin!

Nguwasen fò sẹ́yìn.

"Ààlè ni! Bàbá ló wá so ó. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan yànmọtí wa."

Ìyá àgbà gbé ọkọ́ dé.

"Rárá o, ìyá àgbà! Ẹ má wọnú oko! Bàbá ti so ààlè síbẹ̀."

Ìyá àgbà fi etí aṣọ nu ojú. Ó padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ewé mẹ́ta ló ti so pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́wàá!

"Bàbá mi mà ń ṣiṣẹ́ o!"

Lọ́jọ́ karùn-ún, ewé ń gbẹ. Òdòdó ń já bọ́. Fẹ́rẹ́, fẹ́rẹ́, fẹ́rẹ́.

Nguwasen bú sẹ́kún. "Ìyá àgbà! Yànmọtí bàbá ń kú! Kí la máa jẹ?"

"Jẹ́ ká tú ẹyọ kan wò."

"Ẹ̀rù ààlè ń bà mí."

"Èmi ni mo bí bàbá rẹ. Kò ní bínú sí wa."

Wọ́n tú u. Fàà!

Kòkòrò kan ló wà níbẹ̀. Àwọ̀ ewé ló ní, pẹ̀lú àmì dúdú tó-tò-tó. Ó ń jẹun. Rún-rún-rún.

"Ṣé ìwọ lo so ó?"

Kòkòrò ṣáà ń jẹ ewé. Rún-rún-rún.

Ìyá àgbà tọ́ka sí àfòpiná kékeré kan, aláwọ̀ erùpẹ̀. "Ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó yé ẹyin sábẹ́ ewé. Ẹyin di kòkòrò. Kòkòrò fi òwú ẹnu rẹ̀ so ewé, ó jẹ, ó yó. Ó wọnú àpò funfun, ó sùn. Ó jí, ó di àfòpiná."

"Bàbá ńkọ́? Ṣé àwọn náà á jí?"

Ìyá àgbà mirí. "Rárá, ọmọ mi. Bàbá ò ní jí mọ́."

Nguwasen sunkún. Ìyá àgbà náà sunkún.

Nígbà tó yá, Nguwasen nu imú. Ó tú ewé kejì. Fàà! Ó tẹ kòkòrò pa. Pọ̀ọ́!

Fàà! Pọ̀ọ́! Fàà! Pọ̀ọ́! Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ tán.

Púpọ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì kù.

Nígbà ìkórè, wọ́n gbọn yànmọtí sórí ẹní. Ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀! Wọ́n fi se ọbẹ̀, wọ́n sì fi jẹ iyán.

Nguwasen bu ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́. Ó dì í sínú fìlà bàbá. Ó fi òwú so ó, gbọingbọin!

"Ta ló so èyí?" ni ìyá àgbà bi í.

"Èmi ni!" ni Nguwasen wí. "Èyí tí a máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ni."