Ìbọ̀wọ́ Ọ̀tún, Ìbọ̀wọ́ Òsì

Nígbà tí Afẹ̀sọ̀ṣe kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà, orí korobá tó dojú dé ló jókòó sí láàárín ìsọ̀ olówùú. Omi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló sì ń hun.

Páìpù kan ló bẹ́ lára ògiri, tó sọ ìsọ̀ náà di adágún. Wọ́n ti kó gbogbo òwú sórí pẹpẹ òkè, pupa, dúdú àti aláwọ̀ ewé, wọ́n ṣù jọ síbẹ̀ bí adìẹ tí òjò lé wọlé. Ọkùnrin náà ti dí ojú ibi tó bẹ́, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ìka rẹ̀, bí ẹni tó jókòó sí iyàrá ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìsọ̀?"

"Rárá o, púlọ́mbà ni mí. Olówùú lọ wá ohun tí yóò fi gbá omi."

"Ẹ wá ń hunṣọ nínú omi?"

"Gọ́ọ̀mù ni mò ń dúró dè. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, yóò gbẹ. Bí mo bá ń hun ìbọ̀sẹ̀, yóò gbẹ. Mo ní kí n kúkú fi ìbọ̀sẹ̀ jèrè."

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu Afẹ̀sọ̀ṣe ya òun gan-an lẹ́nu. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọnú omi lọ bá a.

Kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lásìkò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìsinmi ìparí ọdún ti ń kanlẹ̀kùn, ó sì ti ṣèlérí ìbọ̀wọ́ fún gbogbo ará ilé àti ẹbí. Ilé oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àṣìṣe kékeré ti lè di ńlá, ó sì máa ń gbé ìbẹ̀rù náà wá sídìí òwú. Bí ojú ìhun kan bá wọ́, yóò tú gbogbo rẹ̀, yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Afẹ̀sọ̀ṣe, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ẹbí a máa fi kún un pé kì í sì í tètè parí. Ní ọdún tó kọjá, ẹyọ kan péré ló fún ìyá rẹ̀, ó ní èkejì ń bọ̀. Ìyá náà sì ki ọwọ́ kejì bọ àpò títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́dún yìí, ó to ìṣù òwú sójú fèrèsé iyàrá iwájú, ìṣù kan fún ẹnì kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá parí, ìṣù rẹ̀ á kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, tó sì ń ránṣọ nínú iyàrá náà, ń rí wọn láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Òwú rẹ mà ń gbádùn afẹ́fẹ́ o," a máa wí.

Púlọ́mbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó ti Afẹ̀sọ̀ṣe ní ọ̀sán, lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé oògùn.

"Olówùú mi, kí lo tún ń tú?"

"Ojú kan wọ́."

Ó gbà á, ó gbé e sókè sí oòrùn. "Níbo?"

"Níbẹ̀ yẹn."

"Ìwọ àti Ọlọ́run nìkan lẹ rí i. Ọlọ́run ò sì ní sọ fún wọn."

Òun ló kọ́ ọ pé kó máa hun lásìkò tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn, kí ọkọ̀ tó dé, kí omi tó hó. Ó tún kọ́ ọ pé kó má ṣe dìde lórí ìbọ̀wọ́ kan láìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ìṣù òwú ń dín lójú fèrèsé. Ìfẹ́ ń pọ̀ lórí bẹ́ńṣì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí púlọ́mbà wá kí àwọn òbí rẹ̀, tí ó sọ ohun tó bá wá, bàbá kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń gé.

"Ọwọ́ tó ń ki bọ páìpù ìdọ̀tí lo fẹ́ fi di ọmọ mi mú? Wọ́n tún ní ò ń hunṣọ. Ọkùnrin!"

"Bàbá," ni Afẹ̀sọ̀ṣe wí, "ẹ̀yin náà ń ránṣọ."

"Ìránṣọ yàtọ̀!"

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Tiyín ń pariwo."

Ìyá rẹ̀ sáré fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá na àlùmọ́gàjí sójú fèrèsé.

"Láti ìgbà tí eléyìí ti dé lo ti ń rẹ́rìn-ín kiri. Bó bá di àárọ̀ ọdún tí ẹ̀bùn ẹnì kan ò pé nínú ilé yìí, ìfẹ́ ti gba làákàyè rẹ nìyẹn. Kó má dé ìloro mi mọ́, kí ẹ má sì pè mí síbi ìgbéyàwó kankan."

Afẹ̀sọ̀ṣe dìde dúró. "Yóò pé. Àmọ́ ẹ gbọ́, Bàbá. Bó pé, bí kò pé, òun ni màá fẹ́. Ìfẹ́ ni mo fi ń hun tiyín. Mi ò fi tọrọ ọkọ."

Ó wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kó ṣègbéyàwó kí bàbá rẹ̀ má sí níbẹ̀.

Ó hun, ó hun, títí ó fi ku ìṣù dúdú kan ṣoṣo, ti bàbá. Ó parí ti òsì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀tún ni àtàǹpàkò rẹ̀ wú, kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ọdún sì ti dé tán. Púlọ́mbà gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Abẹ́rẹ́ kan náà, òwú kan náà, iye ojú kan náà. Síbẹ̀, nígbà tí ó parí, tí wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ.

"Ọwọ́ mi ló dẹ̀," ni púlọ́mbà wí. "Tìrẹ le. Jẹ́ ká rẹ tòsì sómi gbígbóná, ká fà á. Wọ́n lè bára mu."

Afẹ̀sọ̀ṣe ti di etí òwú mú láti tú u, bí ìṣe rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀.

"Rárá. Télọ̀ ni bàbá mi, yóò mọ̀. Kó sì mọ̀! Gbogbo ayé mi ni mo fi ń tú nǹkan kí ẹnikẹ́ni má baà rí àléébù. Èyí, mi ò ní tú u."

"Bó bá lé mi ńkọ́?"

"Àwa méjèèjì ló lé nìyẹn, Olómi mi."

Ní àárọ̀ ọdún, kò sí ìṣù kankan lójú fèrèsé. Ìyá ń na ọwọ́ méjèèjì kiri ilé: "Ẹ wò ó, méjì!" Bàbá gba tirẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì ìgéṣọ, ó tẹ̀ ba wò wọ́n.

"Ọwọ́ ẹni méjì ló hun èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òsì ni tèmi, ọ̀tún ni tiẹ̀. Àtàǹpàkò mi wú. Ẹ ní kó pé, ó pé. Mi ò fi pa mọ́ fún yín, mi ò sì ní tọrọ àforíjì."

Bàbá wọ ti òsì. Ó wá wọ ti ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ibi tí yóò ti dùn ún. Kò dùn ún. Ìbọ̀wọ́ náà kọjá gbòǹgbò àtàǹpàkò láìdúró. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó tú u. Ó tún un dì.

Ìgbà yẹn ni Afẹ̀sọ̀ṣe tó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà èwe ló ti ń fi ọ̀tún yẹn gé aṣọ tó nípọn. Ó ti wú ju òsì lọ. Ọkùnrin tó ń wọn gbogbo ènìyàn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn òun rí.

"Ta ló sọ fún un pé ọ̀tún mi tóbi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bí ọwọ́ tiẹ̀ ṣe ń hun nìyẹn."

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún," ni ìyá dá sí i láti ẹnu ọ̀nà. "Àbí a ti gbàgbé ni, bàbá ọmọ mi?"

Bàbá yíjú sí Afẹ̀sọ̀ṣe. "Níbo ló wà?"

"Ó wà níta. Ẹ ní kó má dé ìloro."

"Nínú òtútù yìí? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń hunṣọ."

Púlọ́mbà wọlé, ìbọ̀sẹ̀ tí kò tíì parí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní kó dìde, ó fa téèpù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

"Na apá."

Púlọ́mbà na apá méjèèjì, òwú ń fì nílẹ̀. Bàbá wọn èjìká rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń wọ̀n?" ni Afẹ̀sọ̀ṣe bi í, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

"Dákẹ́ ńbẹ̀. Ṣé kí ẹlòmíràn wá rán aṣọ ìgbéyàwó àna mi, kó fún un lápá?" Ó yí sí ẹ̀yìn ọkùnrin náà. "Ẹ tètè dá ọjọ́ o. Èmi kì í pẹ́."

"Ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é, Bàbá."

Ó ń wọ̀n ọ́n lọ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, kò sì bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún náà.