Àwọn Tó Wọlé Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí kì í ṣe àlọ́. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè, ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì ríran dáadáa. Bí ẹ bá ń lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ yà sí Ìlọra, ẹ béèrè Ìyá Nasrullah tó ń ta ọkọ́ àti àdá. Wọn yóò fi ilé rẹ̀ hàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bi í ní ìbéèrè. Ẹ ra àdá, kí ẹ máa lọ.

Fàsílátù ni orúkọ rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tó bí, Nasrullah nìkan ló kù. Lọ́tìrì físà ló gbé Nasrullah dé Amẹ́ríkà, kò sì pé ọdún méjì tó fi wọṣẹ́ ológun níbẹ̀. Ó wálé lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ Lateefah, ọmọ Awẹ́, wọ́n sì jọ lọ. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́wàá gbáko, kò fojú kan Ìlọra mọ́.

Iṣẹ́ ológun kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó sójú kan. Ọdún mẹ́ta ní Tẹ́sáàsì, mẹ́ta ní Kọloráàdò, mẹ́ta ní Jámánì. Bí ọmọ bá ti ń mọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ni àṣẹ á dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Aaliyah, àkọ́bí wọn, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti lọ sí ilé ìwé mẹ́rin. Sìrájù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, ti gbé inú ilé mẹ́ta. Bí ìsinmi bá dé, wọ́n á wọ mọ́tò, ó di ìrìn-àjò. Lónìí wọ́n á wà létí òkun ní Ítálì, lọ́la wọ́n á dúró sórí òkè tí yìnyín bò mọ́lẹ̀.

Orí fóònù ni Fàsílátù ti ń rí gbogbo rẹ̀. Ó mọ àwọ̀ kọ́tìnì wọn. Ó mọ ìró ilẹ̀kùn wọn. "Gírámà!" ni àwọn ọmọ máa ń pè é, wọ́n á wá da Gẹ̀ẹ́sì bò ó, Lateefah á máa túmọ̀. Bí ó bá ti wá pa fóònù tán, ilé á dákẹ́ lọ gbári.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹjọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àyìlá tán. Kò sí iná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ládùúgbò ti dákẹ́. Àwọn adìyẹ pàápàá dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn, wọn ò mira. Kò gbọ́ ìró mọ́tò. Kò gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ó kàn gbójú sókè, ó rí èèyàn mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ káàsán."

Nasrullah ni. Lateefah kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ méjì wà lẹ́yìn wọn. Báàgì kan péré ni wọ́n gbé.

Fàsílátù pariwo ayọ̀. Ó dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara wọn tutù díẹ̀, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Ó rò pé ẹ̀rọ atẹ́gùn inú mọ́tò ló fà á.

"Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀!"

"Ó yá kánkán ni, Màámi."

"Mọ́tò tó gbé yín wá dà?"

"Ó ti lọ."

Aaliyah bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ebi ń pa wá."

Yorùbá tó dá ṣáká ni. Ẹnu ya Fàsílátù. Ó yíjú sí Lateefah. "Ìyàwó mi, o ti kọ́ wọn!"

Lateefah rẹ́rìn-ín músẹ́. 

Ó gún iyán fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì wọ yàrá lọ sinmi. Fàsílátù jókòó sí pálọ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́ta nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Fídíò kọ́ọ̀lù ni. Lateefah ló ń pè.

Ó rò pé ọwọ́ ọmọ kan ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá. Ó gbé e.

Ojú Lateefah hàn. Páálí kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òrùlé. Aaliyah àti Sìrájù jókòó sórí méjì nínú wọn, wọ́n ń jẹ bísíkíìtì.

"Màámi, ẹ káàsán. Ẹ má bínú pé a ò pè láti ọjọ́ Ajé. Kòríà ni wọ́n tún fẹ́ gbé wa lọ. Ẹrù la ń dì láti àárọ̀."

Fàsílátù fi ọwọ́ kan di ògiri mú. 

Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá, lẹ́ẹ̀kan péré.

Lórí fóònù, Aaliyah sọ̀ kalẹ̀ lórí páálí. Ó sún mọ́ tòsí, ó sọ nǹkan kan.

"Ó ní ta ló wà lọ́dọ̀ yín, Màámi," ni Lateefah túmọ̀. "Ó ní òun gbọ́ ẹ̀rín."

"Ọmọ aládùúgbò ni."

Títí dòní, kò mọ ohun tó mú òun parọ́ náà. Ó pa fóònù. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sì tètè ṣí kọ́tìnì. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ nípa àkúdàáyà, òkú tó lọ ń gbé ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rí lórí fóònù kò kú. Àwọn tó jẹun rẹ̀ tán yìí náà kò jọ òkú. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ó ṣí kọ́tìnì.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó sùn. Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló pè, Màámi?" ni Nasrullah béèrè.

"Ẹnì kan tó fẹ́ ra ọkọ́ ni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ṣé wọ́n ti ń di ẹrù?"

Orí Fàsílátù wú. "Ta ni yín?"

"Ọmọ yín ni mí." Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí. Àpá náà wà níbẹ̀, gígùn, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọńdinrín. "Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí àdá bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí lọ sí ọsibítù. Ẹ ò wọ bàtà. Ẹ̀ ń sunkún ju èmi lọ."

Òótọ́ ni. Fàsílátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Aaliyah wá jókòó tì í, ó fi etí gèlè rẹ̀ nù ún lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú, Nasrullah fúnra rẹ̀ pè láti Jámánì. Ó wọ aṣọ iṣẹ́. Ara rẹ̀ yá. Fàsílátù jáde lọ sẹ́yìnkùlé kó tó gbé e.

"Gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ sókè kí n rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe, Màámi?"

"Mo ní gbé e."

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé e. Ẹsẹ̀ náà ń dán. Kò sí nǹkankan lára rẹ̀.

"Àpá àdá dà?"

"Àdá wo, Màámi?"

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí. Nẹ́tíwọ̀kì sì já.

Bí Fàsílátù ṣe gba àwọn mẹ́rin náà mọ́ra nìyẹn. Kí ni ì bá ṣe? Ta ló fẹ́ sọ fún? Nasrullah tó wà nílé ń bá a pọ́n àdá, ó ń ki èèkù bọ ọkọ́. Lateefah ń pọn omi, ó ń fọ aṣọ. Aaliyah bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ìdajì ọ̀nà ọjà. Tíṣà Ọlátúndé, aládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì, ń kọ́ ọ ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Ó bi Nasrullah nígbà kan pé iṣẹ́ ológun ńkọ́.

"Ó ti parí, sà," ni Nasrullah dáhùn, Tíṣà sì ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Ilé tó ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́wàá wá ní ìró. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí fóònù Fàsílátù bá dún, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Sìrájù tó ń sáré á dúró gbagidi. Òkèlè tó ń lọ sẹ́nu á dúró lójú ọ̀nà. Ó di ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n tó máa bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ.

Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n pè láti Kòríà.

"Màámi, wọ́n ti fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ lẹ ó rí wa."

Fàsílátù ní kí Ọlọ́run gbé wọn dé ire. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́.  Ní ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe jókòó yí àwo oúnjẹ ká, ó ní: "Àwọn kan ń bọ̀."

"A mọ̀," ni Nasrullah wí.

"Bí mo bá ní kí ẹ máa lọ ńkọ́?"

"A ó lọ, Màámi. Ẹ̀yin lẹ ni ilé."

"Ibo lẹ ó lọ?"

Nasrullah wo ìta. "A ò mọ ibì kankan mọ́."

Kò lè sọ ọ́. Ó fẹ́ pe àwọn ti Kòríà pé kí wọ́n má wá, kò lè sọ ìyẹn náà. Ọmọ ẹni ni. Èwo ni kí èèyàn tìlẹ̀kùn mọ́?

"Kí ni kí n wá ṣe?"

Lateefah di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ se oúnjẹ dè wọ́n."

"Ti èèyàn mẹ́jọ?"

"Mẹ́rin, Màámi."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, kété lẹ́yìn àyìlá, fóònù dún. Ariwo ọ̀nà kún inú rẹ̀.

"Màámi, a ti dé Fìdítì! Aaliyah rí ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì, ó ní àfi ká rà á. Ẹ máa retí wa, a ti dé tán."

Láti Fìdítì sí Ìlọra, mọ́tò kì í lò tó ìdajì wákàtí. Fàsílátù ní kí àwọn tó wà nílé wọ yàrá. Wọ́n wọlé, wọn ò jiyàn. Ó fa kọ́tìnì dé wọn, ó sì lọ dúró létí títì.

Ìdajì wákàtí kọjá. Wákàtí kan kọjá. Mọ́tò ń sáré kọjá sí Ọ̀yọ́, ìkankan kò yà. Ó pè wọ́n. Fóònù wọn ti kú. Ó pè títí. Àbọ̀dé, ọlọ́kadà kan tó mọ̀ ọ́n, rí i, ó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n kọrí sí Fìdítì.

Wọ́n gba Jọbele kọjá, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Kò sí mọ́tò tó dànù. Kò sí èrò tó pé jọ. Ní Fìdítì, obìnrin tó ta ẹran rántí wọn.

"Ọkùnrin kan, ìyàwó, ọmọ méjì. Ọmọbìnrin yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan ọ̀yà náà. Ìlọra ni wọ́n kọrí sí, Ìyá. Ó ti pẹ́ o. Wọn ò tíì dé?"

Àlàásàrì ti lọ kí Àbọ̀dé tó gbé e padà. Tíṣà Ọlátúndé jókòó síwájú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn.

"Tíṣà, ta ló wá sílé mi?"

"Kò sẹ́nìkan. N ò kúrò níbí láti ìgbà tí ẹ ti jáde. Mọ́tò kankan ò dúró."

Ó wọlé. Àpótí ẹrù ńlá mẹ́rin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé pápákọ̀ òfurufú ṣì so mọ́ wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí oúnjẹ ká. Ọ̀yà ti wà nínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ gba pálọ̀. Aaliyah àti Sìrájù ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà lórí ẹran.

Fàsílátù kọjá wọn, ó ṣí kọ́tìnì yàrá. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé rí.

"Ìyá àgbà," ni Aaliyah pè, ní Yorùbá, "ẹ wá jẹun, ó ń tutù lọ."

"A ti ń retí yín, Màámi," ni Nasrullah wí. "Ta lẹ lọ pàdé?"

Fàsílátù bu omi. Ó ṣan ọwọ́. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ méjèèjì, ó bá wọn jẹun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ti kọjá. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ lílọ, òun náà ò sì tíì bi wọ́n.