Lífíìtì Tí Kì í Gbé Alààyè

Obìnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e; ó wọ inú lífíìtì tí wọ́n fi ń gbé òkú kí ó lè dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó sì fẹ́ ọkùnrin tó ń darí lífíìtì náà.

Rédíò ló ń tún ṣe, Àǹtí Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti kékeré ló ti wà lórí àga onítáyà. Egbò yọ sí gìgísẹ̀ rẹ̀ òsì. Kò dùn ún, torí ẹsẹ̀ náà kì í mọ nǹkan kan lára, ewu tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń wẹ egbò, àtẹ̀gùn nìkan ló sì wà fún alààyè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin méjì gbé e gòkè bí àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní gbé òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tó padà lọ, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló jókòó sí, ó ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sókè. Ilẹ̀kùn irin kan ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òtútù tú jáde. Ọkùnrin gíga kan ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà bọ́ síta. Aṣọ funfun bo ẹni tó wà lórí rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ rọra, Màmá," ni ọkùnrin náà ń wí. "A fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò dán, ẹ má bínú."

Àǹtí Rédíò wo aṣọ náà. Kò mì rárá.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Màmá ni. Àárọ̀ yìí ni wọ́n kú."

"Wọ́n sì ń gbọ́?"

"Wọn ò tíì sọ fún mi pé àwọn ò gbọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ṣé nǹkan yìí máa ń gòkè?"

"Òfìfo ló ń gòkè. Wọ́n ní alààyè tó bá wọ inú ẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló máa padà wọ̀ ọ́."

"Ọ̀gbẹ́ni, ìjókòó ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan tèmi. Tì mí wọlé."

Ó kọ́kọ́ gbé Màmá dé ibi tí wọ́n ń lọ, ó wá padà wá tì í wọlé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó rí i lókè sá sẹ́yìn bíi pé òkú ló jí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀nà tó gbà.

Lífíìtì náà a máa dúró lágbedeméjì nígbà mìíràn, iná a sì kú. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bá òkú bàbá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀, ó dúró. Òkùnkùn biribiri. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin jẹ́jẹ́, kó, kó, kó, láti apá ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Àǹtí Rédíò mọ ìró wáyà, ó mọ ìró ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá," ni ọkùnrin náà wí. "Iná ń bọ̀."

Ìró náà dákẹ́.

Àǹtí Rédíò na ọwọ́ nínú òkùnkùn, ó bá ọwọ́ ọkùnrin náà pàdé.

"Ọwọ́ ẹ gbóná."

"Báwo lo ṣe rò pé ó máa rí?"

"Bí irin."

"Gbogbo èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Àwọn òmùgọ̀. Má tíì jù mí sílẹ̀."

Iná dé, wọn ò jura wọn sílẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé rédíò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àǹtí Rédíò tú u wò.

"Ìwọ lo fọwọ́ fa wáyà yìí já."

"Èmi náà ni, olólùfẹ́. Ṣé ó máa pẹ́ kó tó ṣe é ṣe?"

"Ó máa pẹ́ gan-an. Wá máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́."

Egbò náà ń jinná. Ọkùnrin náà lọ sọ fún ìyá Àǹtí Rédíò pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ọwọ́ tó ń wẹ òkú!" ni ìyá ké nígbà tó lọ tán. "Òun ló fẹ́ fi máa gbé ọmọ mi?"

"Màmá, ó ń fọ̀ ọ́."

"Ọṣẹ wo ló ń fọ ikú?"

Ìyá náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ìyẹn ló sì ba nǹkan jẹ́. Ó lọ sọ fún mẹ́tírọ̀n, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, pé wọ́n ń fi lífíìtì òkú gbé ọmọ òun. Ó rò pé wọ́n á lé ọkùnrin náà, ilé ìwòsàn á sì wá ọ̀nà mìíràn gbé ọmọ òun gòkè. Wọ́n lé ọkùnrin náà. Wọn ò wá ọ̀nà kankan.

"Ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú, kó gòkè wá bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ìsàlẹ̀ ni Àǹtí Rédíò ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú, yóò sì padà sílé. Ìyá ló kọ́kọ́ gbóòórùn ẹsẹ̀ náà. Ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó dojú kọ àtẹ̀gùn. Lágbedeméjì, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, àwọn èèyàn ń fò wọ́n kọjá. Nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn irin ṣí, wọ́n ti òkú kan jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Òkú ń gun lífíìtì!" Ìyá bú sẹ́kún. "Ọmọ mi tó ń mí ń gun ẹ̀yìn mi! Mẹ́tírọ̀n, ṣé kó kọ́kọ́ kú ni?"

Lífíìtì tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ wá dìde fúnra rẹ̀. Gbogbo ilé náà gbọ́ okùn irin rẹ̀ bó ṣe ń dún. Ó dúró lẹ́yìn ògiri, ní ọ̀gangan ibi tí ìyá àti ọmọ jókòó sí, kò sì kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òṣìṣẹ́ tó gbà láti fọwọ́ kan lífíìtì náà. Mẹ́tírọ̀n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà padà. Ó ní òun ń bọ̀, bí ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn bá ti lè máa wọ̀ ọ́. Wọ́n gbà.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ ọkùnrin náà mú lẹ́nu ilẹ̀kùn irin náà, ó fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé e. "Ó gbóná," ló wí, ojú tì í. "Gbé ìyàwó ẹ lọ sókè."

Yàrá ìyá ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n egbò náà ti dé eegun. Kí oṣù tó parí, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì náà láti orúnkún. Àwọn èèyàn ní kò burú, ṣebí kì í rìn tẹ́lẹ̀. Àǹtí Rédíò sunkún rẹ̀ gan-an, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.