Ẹ̀gbà Tí Mo Sin

"Fàsílá, dìde, omi ti dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì."

Bí ìyá mi ṣe máa ń jí mi láàárọ̀ nìyẹn lọ́dún náà. Kì í pariwo. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ariwo. Èmi náà á dìde, n ó wá abọ́ mi, àwa méjèèjì á sì máa gbọ́n ọ̀sà dà sí ìta títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Bàbá mi á gbé àpò ìrẹsì àti àwọn ìwé mi lé orí búlọ́ọ̀kù kó tó gba Ṣómólú lọ, níbi tó ti ń gé pépà fún àwọn tó ń tẹ ìwé. Lẹ́yìn náà ni n ó wẹ̀, tí n ó wọ yunifọ́ọ̀mù, tí n ó sì lọ sun oorun tó kù ní kíláàsì.

Yàrá kan la gbà ní etí ọ̀sà ní Bàrígà, nílé Alhaji Adéjìmí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, kò mọ nǹkan kan nípa omi. Owó ilé tí kò pọ̀ ló gbé wa débẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó débẹ̀, omi lè má wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Nígbà tí mo fi dé SS2, ó ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè, tíṣà tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣàlàyé fún wa pé òkun ń ga sí i káàkiri ayé, àti pé igi kan wà tó máa ń dá ìgbì dúró ní etí ọ̀sà wa tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn ti gé e tán, wọ́n ti fi dáná, wọ́n ti fi yan ẹja. Ó ní ẹ̀gbà ni orúkọ igi náà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi í pé ṣé ẹ̀gbà ọwọ́ ni àbí ti ọrùn.

Oṣù Kẹfà ni wọ́n kó wa lọ gbìn ín. Bàbá Ikúmápàyí ló kó èso rẹ̀ wá. Apẹja ni bàbá yìí, ará Ìlàjẹ, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wa ọkọ̀ lọ, tó fi wa ọkọ̀ bọ̀, láti ibi tí ẹ̀gbà ṣì kù sí, nítorí kò sí ẹyọ kan mọ́ ládùúgbò wa. Èso náà kì í ṣe hóró bíi ti àgbàdo. Orí igi ló ti máa ń hù kó tó já bọ́, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn tó bírò méjì tí a fi lérí ara wọn. Bàbá mú ẹyọ kan sókè, ó fi hàn wá.

"Orí rẹ̀ rèé, ìdí rẹ̀ rèé. Ìdí ló ń wọ ẹrọ̀fọ̀. Ẹ má tì í wọlé tán, ẹ jẹ́ kí orí wà níta kó máa rí afẹ́fẹ́. Ìgbésẹ̀ kan láàárín èyí àti èkejì. Gbígbìn ni o. Ẹ má sin ín. Òkú là ń sin."

Wọ́n ní kí àwa tí à ń gbé etí omi gbìn ín síwájú ilé wa. Wọ́n ka àádọ́ta fún mi. Omi ti fà sẹ́yìn lásìkò náà, ẹrọ̀fọ̀ nìkan ló kù, ó mù mí dé orúnkún. Kí n tó fa ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì á ti rì. Ọ̀rá àti ìgò fífọ́ kún inú rẹ̀. Láti ìdájí ni mo ti ń gbọ́n omi lọ́jọ́ náà, ìdánwò ìṣirò sì ń dúró dè mí ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo gbin ẹ̀kẹwàá, mo wo ogójì tó kù nínú báàgì, omijé sì lé sí mi lójú. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ọ̀lẹ. Ó ti sú mi ni.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọkọ̀ kan tí wọ́n fà sókè ló bò mí, kò sẹ́ni tó lè rí mi. Mo fi ọwọ́ gbẹ́ ihò kan, mo kó gbogbo ogójì náà sínú rẹ̀, mo wọ́ ẹrọ̀fọ̀ bò ó, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè pé mo ti parí. Ó yìn mí lójú gbogbo èèyàn pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe tán, ó sì fún mi ní mọ́líìtì tútù kan. Mo gbà á, mo mu ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ohun tí wọn ò sọ fún àwa ọmọdé. Bàbá mi ló ń sọ ọ́ fún ìyá mi bí ó ṣe ń jẹun. Àwọn kan tó máa ń da yanrìn dí omi fẹ́ ra ilé Alhaji, kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì kọ́ nǹkan mìíràn sórí ilẹ̀ náà. Alhaji ní òun á dúró di ìparí òjò. Bí ẹ̀gbà náà bá yè níwájú ilé òun, òun ò ní tà á. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Èso ṣì kù nínú ọkọ̀ Bàbá Ikúmápàyí lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ti la ẹnu, wọn ì bá fún mi ní òmíràn. Àmọ́ mo rántí mọ́líìtì yẹn, mo rántí bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi, ojú sì tì mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, Bàbá wa ọkọ̀ wá wo iṣẹ́. Lápá ọ̀tún àti apá òsì wa, ewé méjì-méjì ti yọ lórí àwọn ẹ̀gbà náà. Níwájú ilé tiwa, mẹ́wàá péré ló dúró. Ó pè mí, ó bi mí pé ṣé mo gbìn wọ́n bí òun ṣe wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, ó bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní ìdọ̀tí àti epo ọkọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, ilẹ̀ náà ti kú, àwọn tó hù gan-an ò ní pẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Má bínú, ọmọ mi," ni ó wí. "Mo jẹ́ kí o ṣe wàhálà lásán."

Bí ó bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, Alhaji wá jókòó sí yàrá wa. Ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní ẹni tó mọ omi ju gbogbo wa lọ ló ní ilẹ̀ ti kú, kí lòun tún ń dúró dè. Ó ti tọwọ́ bọ ìwé. Ó fún wa ní oṣù mẹ́ta kí a fi wá ilé. Ó ní àwọn onílé mẹ́ta tó tẹ̀ lé òun náà ti ń múra àtità, nítorí ilẹ̀ kan náà ni.

Ìyá mi ò sunkún. Ó ní ó dáa náà, òun á sinmi omi gbígbọ́n. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni mi ò lè fara dà.

"Ilẹ̀ ò kú, Màmá," mo wí. "Ẹ gbọ́, Alhaji. Mẹ́wàá ni mo gbìn. Mo sin ogójì yòókù."

Bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án náà gan-an. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Ikúmápàyí. Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ihò náà, lójú gbogbo wọn. Gbogbo ogójì wà níbẹ̀ bí mo ṣe kó wọn jọ, wọ́n ti dúdú, wọ́n ti rà, wọ́n ń rùn. Bàbá mú ẹyọ kan, ó fọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wa ọkọ̀," ó wí. "O ò tiẹ̀ sọ fún mi."

Alhaji ní ká ní mo sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú, òun ì bá má tọwọ́ bọ nǹkan kan. Ó lọ bẹ àwọn oníyanrìn lóòótọ́, bàbá mi bá a lọ. Wọn ò gbà. Àmọ́ nígbà tí àwọn onílé mẹ́ta yẹn gbọ́ pé ilẹ̀ ò kú, wọ́n dáwọ́ títà dúró. Tiwọn ṣì wà níbẹ̀ di òní, ẹ̀gbà tó wà níwájú wọn sì ti ga dé àyà mi.

Yàrá kan ní Pedro là ń gbé báyìí. Omi kì í wọ ibẹ̀. Ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ sì ju agbára wa lọ, nítorí náà bàbá mi máa ń gé pépà dé ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn, mo lọ wò ó. Wọ́n dà á bo mẹ́wàá mi tó yè. Mo dúró lójú títì, mo sunkún bí ọmọ kékeré.

Nígbà tí oṣù Kẹfà tún yí po, mo lọ bá Bàbá Ikúmápàyí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni pé ọkùnrin ni mí, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo ṣe é. Kò bá mi wí. Ó ka àádọ́ta fún mi, ó sì fi iwájú ilé kan tí mi ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ hàn mí. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti rẹ̀ mí bíi ti ọjọ́sí. Mo sọ fún un. Ó pe ọmọkùnrin méjì pé kí wọ́n wá bá mi gbìn ín, a sì parí rẹ̀ kí omi tó kún.

Bí ó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó rẹ̀ mí lọ́dún tó kọjá. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ì bá ràn mí lọ́wọ́. Mo ní mo ti ṣe ohun tí mi ò ṣe, mo sì dákẹ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bí iṣẹ́ bá wúwo jù fún yín, ẹ sọ ọ́ síta. Èmi ò sọ ọ́, ìyá mi ló sì di ẹrù kúrò nílé.