Èso Ẹnu Ihò Reluwé

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ilé Heulwen ṣì wà lẹ́bàá odò Cledan ní ilẹ̀ Wales, èso náà sì ń so níbẹ̀ títí dòní.

Ìyá Heulwen kò jẹun mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: èso dúdú orí igi ẹlẹ́gùn-ún, kí wọ́n fi ṣúgà sè é. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ti kọjá. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ká a lẹ́yìn ọjọ́ náà. Wọ́n ní Sàtánì ti tutọ́ sí i.

Heulwen mú abọ́. Ó gba ojú ọ̀nà reluwé àtijọ́ ní àfonífojì, níbi tí wọ́n ti hú irin kúrò kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lè máa gbà á. Emrys àbúrò rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé Sàtánì ò níṣẹ́ míì ni? Gbogbo igbó Wales ló máa tutọ́ sí?"

"Panu mọ́, kó o máa wa kẹ̀kẹ́ ẹ."

Gbogbo èyí tí wọ́n rí ló ti rọ. Àfi èyí tó wà lẹ́nu ihò abẹ́ òkè tí reluwé ń gbà kọjá láyé ọjọ́un. Ó tóbi. Ó ń dán. Ó rin gbingbin, òjò ò sì rọ̀.

Heulwen fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń yọ̀ bí ilá. Ó ń rùn bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Emrys náà fọwọ́ kàn án. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó tún un nù.

"Ìgbín ló gba orí ẹ̀ kọjá."

"Ìgbín wo ló ń gbóná?"

Nínú ihò, ẹnìkan ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ó fà á pẹ́. Ó tu ú.

Ewé kan mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Heulwen. Nǹkan funfun ń ṣàn lórí rẹ̀.

Emrys ti yí kẹ̀kẹ́ padà. "Àǹtí mi, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ!"

"Kí ni Màmá máa jẹ?"

"Ìyẹn lẹ fẹ́ fún Màmá?"

Heulwen na ọwọ́ sí èso náà. Ó ń ká a. Ó ń ká a, ó ń gbé èébì mì, títí abọ́ fi kún.

Nílé, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Yíyọ̀ náà ò lọ. Ó da ṣúgà sí i, ó sè é. Ìfófò rẹ̀ funfun.

Màmá jẹ ẹ́ tán. Ó lá abọ́. Ó fi ìka nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lá ìka náà. Àwọn ọmọ méjèèjì ò lè wò ó, wọn ò sì lè gbójú kúrò.

"Ó ṣẹ́ kù?"

"Rárá, Màmá."

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Eyín rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Ẹ padà lọ lọ́la." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọge. "Ẹni inú ihò yẹn ńkọ́, ṣé ó béèrè mi?"