Ó Ní Kí Ẹ̀rọ Dákẹ́

"Kọ̀ǹpútà yín ló ti gbó. Eré mi ò ní àléébù kankan."

Bí Mo-ti-mọ̀ ṣe dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn nìyẹn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Kíláàsì wa ló sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀, torí kò sí ohun tí èèyàn máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀. Òun ló kọ eré orí kọ̀ǹpútà wa, èmi ni mo ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀. A fẹ́ fi eré náà díje pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ tó bá borí nínú ìdíje náà ni yóò gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọlọ́dún kan, ẹ̀kọ́ náà sì wù mí dé ọkàn.

Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, eré náà ń dán. Lórí ti ẹ̀gbọ́n mi, tí ètò tó ń darí rẹ̀ yàtọ̀, fèrèsé eré, ìyẹn ibi tí eré ti ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, dúdú bí ìdí ìkòkò, ìlà pupa kan sì jáde lábẹ́ rẹ̀ pé kò rí ojú tí yóò ya àwòrán sí.

"Ka ohun tó kọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Fèrèsé ò tíì ṣí tó o ti ní kó máa yàwòrán. Tìẹ gbà bẹ́ẹ̀, tèmi ò gbà."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀."

Irọ́ ni. Kàkà kó wá ìdí ọ̀rọ̀, ńṣe ló kọ ọ́ sínú eré pé kí ẹ̀rọ má fi àṣìṣe kankan hàn mọ́. Ìlà pupa pòórá, dúdú nìkan ló ṣẹ́kù. Ó ní ó ti tán. Ọlọ́gbọ́n ayé! Ó bo ọmọ tó ń ké lẹ́nu, ó ní ara ọmọ ti yá.

Mo sọ fún un pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó ní kí n lọ máa ya àwòrán mi.

Lọ́jọ́ ìdíje, irú ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú ti adájọ́. Eré ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa náà kọ́kọ́ dúdú, àmọ́ ìlà pupa sọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n kà á, wọ́n tún un ṣe, eré wọn bẹ̀rẹ̀. Tiwa dúdú, kò sọ nǹkan kan.

"Kí ló ń ṣe é?" ni adájọ́ béèrè.

Mo-ti-mọ̀ wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà."

Mo rán an létí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ kó tó rí ibi tó ti pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́, àkókò wa ti pé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di ti àwọn tó ka àṣìṣe wọn.

Àánú rẹ̀ ò ṣe mí. Àwòrán mi tí ẹnikẹ́ni ò rí ló ṣe mí láàánú. Ẹni tó bá pa ẹni tó ń sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un lẹ́nu mọ́, àṣìṣe náà ò lọ síbì kankan. Iwájú èrò ló ti ń dúró dè é.