Agogo Ń Dún Láti Yàrá Òfìfo

Ọ̀sán ọjọ́ náà parọ́rọ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà. Àwọn aláìsàn ti jẹun, oorun ti ń kùn wọ́n, ẹni tó ń nu ilẹ̀ sì ti gbé korobá rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà pín oògùn sínú àwo tán, ó dìde láti lọ ti fèrèsé tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́nu yàrá tó gbẹ̀yìn, agogo dún lórí tábìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Yàrá yẹn ló ń pè, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bàbá tó sùn síbẹ̀ kẹ́yìn ti kú, wọ́n ti gbé e lọ, wọ́n sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pa dà.

Nọ́ọ̀sì yọjú wò. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Gílóòbù pupa tó wà lókè ilẹ̀kùn, tó yẹ kó máa tàn bí agogo bá dún, kò tàn. Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó lọ ti fèrèsé, bó sì ṣe ń kọjá pa dà, agogo tún dún.

Ó pe ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lórí fóònù. Obìnrin tó gbé e ni wọ́n ń pè ní Ọwọ́yá, torí pé kò sẹ́ni tó ń tètè parí iṣẹ́ bíi tirẹ̀ níbẹ̀. Òun ló kọ ètò agogo tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi yàrá yẹn nìkan dán wò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń mọ̀ bí nǹkan bá mira. Òun ló ń jí ètò náà. Ètò náà yóò wá yẹ bẹ́ẹ̀dì wò. Bí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, kó tan iná, kó sì lu agogo, kí nọ́ọ̀sì lè sáré dé kí arúgbó tó ṣubú.

"Agogo yín ń dún láti yàrá tí kò séèyàn," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ó lè jẹ́ atẹ́gùn, mà."

"Atẹ́gùn wo? Mo ti ti fèrèsé. Agogo ń dún, iná ò tàn. Ṣé atẹ́gùn náà ń ṣa èyí tó wù ú ni?"

Ọwọ́yá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ló kún ọwọ́ mi, màá wò ó tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ṣe tán, ó ń dún. Èyí tí kò bá dún ni ká bẹ̀rù."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í gbọ́ gbogbo rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹ̀yin náà sì lè mọ ìdí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jẹ́ ká bi Olófòófó."

Olófòófó ni orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan tó ń ka ètò tí èèyàn bá kọ kó tó di pé wọ́n lò ó. Bí ìlà kan bá dúró níbi tó lè ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà, yóò fa ìlà pupa sí i nídìí, yóò sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ń ṣàròyé nígbà míì lórí àlàfo tí kò tó nǹkan, ìdí nìyí tí Ọwọ́yá fi kọ gbólóhùn kan sí orí ètò agogo náà pé kí Olófòófó má kà á rárá.

"Olófòófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ," ni Ọwọ́yá dáhùn. "Èmi ò tiẹ̀ ní ọpẹ́ tí màá dá."

Jẹ́jẹ́ kọjú sí iṣẹ́ tirẹ̀. Kò yẹ kó dákẹ́.

Ní wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíì yọ. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lẹ́nu yàrá yẹn, agogo á dún. Wọ́n ní bàbá tó kú ló ṣì ń pe nọ́ọ̀sì. Àwọn tó kàwé tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá níbẹ̀, wọ́n á dorí kodò, wọn ò ní gbójú sókè. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn fi aṣọ ìnura wé agogo náà, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Etí kúkú sinmi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyá Ọwọ́yá, wọ́n sì dá a dúró sí ilé ìwòsàn náà. Ọwọ́yá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ìyá òun sí yàrá tó gbẹ̀yìn. "Agogo tí mo ṣe ló wà níbẹ̀, mà," ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Ẹ kàn fọkàn yín balẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wá kí ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni nídìí tábìlì, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà. Ó fẹ́ kọjá nígbà tó gbọ́ ohùn kan tó ń dún wúyẹ́wúyẹ́, bíi ti kòkòrò tó há sínú agolo. Ó fa dúrọ́ọ̀. Ó tú aṣọ ìnura. Agogo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó ń gbọ̀n ní ọwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gílóòbù pupa ń tàn.

Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan ká sábẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Láti ọ̀sán ló ti wà níbẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ọwọ́yá kígbe mọ́ nọ́ọ̀sì àgbà: "Ta ló di agogo lẹ́nu?"

"Àwa ni, ẹ̀rù òkú ò sì jẹ́ ká tú u nígbà tí ìyá dé," ni nọ́ọ̀sì wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo pè yín, ọmọ mi. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ní ọ́fíìsì, Jẹ́jẹ́ yọ gbólóhùn tó di Olófòófó lẹ́nu kúrò. Kíá, ìlà pupa jáde lábẹ́ àṣẹ tó ń lu agogo: ibi tí ìlà yìí dúró kò bá ibi tó jẹ́ tirẹ̀ mu.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Nínú èdè tí a fi kọ ètò yìí, ẹ̀rọ ò bìkítà bóyá a sún ìlà wọlé tàbí a ò sún un. Tìtorí ojú àwa èèyàn la ṣe ń sún un. 'Bí' tó ṣí àṣẹ àti 'parí' tó pa á dé ni ẹ̀rọ ń wò. Ìlà iná wà láàárín méjèèjì. Ìlà agogo wà lẹ́yìn 'parí', àmọ́ ẹ sún un wọlé bíi pé abẹ́ 'bí' ló wà. Iná ń dúró de ẹni tó bá dìde. Agogo ò dúró de ẹnikẹ́ni. Kéèyàn ṣáà ti kọjá, ó ti dún."

"Ṣùgbọ́n mo dán an wò! Mo dùbúlẹ̀, mo dìde, iná tàn, agogo dún."

"Ẹ dìde lóòótọ́. Ẹ ò kọjá lásán wò."

Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn pe gbogbo wọn. Wọ́n gba iṣẹ́ ètò kíkọ lọ́wọ́ Ọwọ́yá, wọ́n sì dá nọ́ọ̀sì àgbà àti ẹni tó wé agogo dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pàṣẹ pé ètò tí Olófòófó bá fi ìlà sí nídìí kò gbọdọ̀ dé wọ́ọ̀dù mọ́, àti pé ẹnì kan ò ní lágbára láti dá pa á lẹ́nu mọ́. Ó dára. Ó pẹ́ jù fún ẹnì kan.

Wọ́n gbé ìyá náà wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

"Mi ò dá wà," ó ní. "Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀, màá sọ pé, 'Wọ́n ti dé.' Tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sáré."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ètò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ka gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó máa ṣàròyé tó. Ẹ to ìlà yín kí ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ sì dán ìgbà tí kò yẹ kó dún wò pẹ̀lú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lò ó, agogo tó bá ń dún lódì, ẹ má wé e láṣọ. Ẹ pariwo títí ẹnì kan á fi wá tún un ṣe, torí àṣìṣe ẹnì kan ló ń pè yín, kì í ṣe òkú. Lọ́jọ́ tó bá sì jẹ́ alààyè ló ń pè, kò ní mọ ohun tó lé yín sá.